Àjẹkù Adájọ́

"Àǹtí, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lórí àwo yẹn. Àbí ẹ fẹ́ kí Ojúlárí pariwo lé wa lórí ni?"

Sẹnábù ló sọ bẹ́ẹ̀, obìnrin tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn Ilé Ìdájọ́ Òkè-Amọ̀. Mo gbé ọwọ́ kúrò. Òjìji ọwọ́ mi ni mo fi ń ṣíji bo àwo náà kí oòrùn má bàa mú un. Oòrùn ọ̀sán gangan ni, ewé tútù tí mo fi wé àwo láti ilé sì ti ń gbẹ. Bí àwo yẹn bá lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ́rẹ́n kí ẹ̀rọ tó wò ó tán, ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò jáde, èmi àti àbúrò mi yóò sì jọ gba ìdájọ́ kan náà.

"Sẹnábù, jẹ́ ká bọ́ sábẹ́ òrùlé," mo ní. "Oòrùn yìí ò dáa fún ọbẹ̀."

"Ọbẹ̀ kẹ̀? Àsáró lẹ sọ fún wa láàárọ̀."

"Àsáró náà ni mo ní lọ́kàn."

"Ọkàn yín ò sí níbí, Àǹtí." Ó wò mí, ojú àánú ni. "Ẹ máa bọ̀."

Ojúlárí rọ̀ sókè àjà nínú yàrá kékeré kan, dígí ribiti tó tóbi tó orí ènìyàn. Ìjọba ní orúkọ gígùn kan tí wọ́n ń pè é. Àwa ará ìlú la sọ ọ́ ní Ojúlárí, a kì í sì í parí òwe náà níbi tó ti lè gbọ́. Kò sí ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní gbogbo Òkè-Amọ̀ tí kò ní dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, bó bá ṣáà ti rí ìkọ̀wé onítọ̀hún rí. Gbogbo ẹni tó lọ ilé ìwé ìjọba ló sì ti kọ̀wé fún un ní kékeré. Láti ìgbà tí Òfin Ọwọ́ ti dé, ọ̀rọ̀ tí kò bá ti inú ẹ̀rọ ìjọba jáde, tí kò ní èdìdì, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ì báà wà lára ògiri, ì báà wà lára aṣọ, ì báà wà lára àwo tí a fi ń jẹun.

Mo tú ewé. Sẹnábù gbé àwo náà sábẹ́ dígí. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹyẹ mẹ́rìndínlógún," ni Ojúlárí wí. "Ewé. Igi ọ̀pẹ kan. Àárín funfun. Kò sí ọ̀rọ̀. Kó wọlé."

Sẹnábù rẹ́rìn-ín. "Ẹyẹ! Ẹ̀yin Mọréniké lẹ wá ń ya ẹyẹ? Ìyá mi ní àwo yín mẹ́fà nílé nígbà kan. Èyí tó jẹ́ pé gbólóhùn kan ló pín ara rẹ̀ sí etí àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àfi kí gbogbo ilé kó àwo pọ̀ kí wọ́n tó lè kà á."

"Ṣé ó ṣì wà?"

"A ti fọ́ ọ. Ọdún tí òfin dé la fọ́ ọ." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá mi sunkún. Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi bá ara wọn yan odì fún odindi ọdún kan nígbà tí àwo náà ṣì wà, ṣùgbọ́n tí oúnjẹ bá ti tán, wọ́n á sún àwo wọn mọ́ra. Wọn ò ní sọ̀rọ̀ o. Wọ́n á kàn sún un mọ́ra."

Nígbà tí èmi àti àwọn amọ̀kòkò ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní orí wa ò pé. Wọ́n ní àwo kì í ṣe ìwé, oúnjẹ la ń fi sínú rẹ̀. A ní kò burú, kí ẹni tó bá jẹun tán kàwé. A mú lẹ́tà, a fà á gùn títí ó fi di ẹsẹ̀ ẹyẹ. A mú gbólóhùn, a jẹ́ kó yí po kó má ní ìbẹ̀rẹ̀, kó má ní òpin. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ kọ́jọ́ lọ láyé mi, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ.

Mo ṣí ìkòkò. Àsáró náà ṣì ń ta èéfín, epo pupa ń dán lórí rẹ̀. Mo bù ú sínú àwo títí ó fi kún dé ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ.

"Adájọ́ wo ló jókòó lónìí?" mo bi í.

"Bàbá Akínwándé. Ẹ má bẹ̀rù, wọ́n máa jẹ ẹ́. Ọmọlúàbí ni wọ́n, inú ilé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ ni wọ́n ti wá."

Inú mi dùn sí i. Èmi òmùgọ̀, inú mi dùn.

Sẹnábù gbé àwo sórí ọpọ́n, ó wá dúró. "Àǹtí, tí ẹ bá dé ẹ̀yìn dígí tí àwọn mọ̀lẹ́bí ń jókòó sí, ẹ má ṣe bíi ti ìyá kan tó wá lóṣù tó kọjá o. Ó ní òun lòun kọ ohun tí ọmọ òun kọ. Wọ́n ní irọ́ ìfẹ́ ni. Àtìyá àtọmọ ni wọ́n pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fún. Ẹ̀rọ ti dárúkọ, ẹnu ènìyàn ò já mọ́ nǹkan kan mọ́, àfi ohun tí adájọ́ bá fi ojú ara rẹ̀ rí kó tó tẹ̀ka. Ẹ ṣáà jókòó jẹ́ẹ́."

"Mo gbọ́," mo ní. Òfin ní ìkòkò kò gbọdọ̀ wọ inú gbọ̀ngàn, mo gbé tèmi dání lọ sẹ́yìn dígí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí mo ti pa irọ́ tó pọ̀ fún ara mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ilé máa sanwó òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé wọn, àwọn ará ìlú jí lọ́jọ́ kan, wọ́n bá àwo méjìlélógójì tí ẹnì kan fi amọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri ilé omi ńlá. Ẹ̀kán omi ni wọ́n yà sára gbogbo wọn. Tí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, ẹ̀kán omi ló ń rí. Tó bá jìnnà díẹ̀, ẹ̀kán omi wọ̀nyẹn á di ọ̀rọ̀: Ta ló ni òjò? Lórí àwo kọ̀ọ̀kan, ẹni náà tún fi ìkọ̀wé wẹ́wẹ́ kọ ìbéèrè kan náà sí etí rẹ̀. Ìkọ̀wé wẹ́wẹ́ yẹn ni Ojúlárí kà, tó sì dárúkọ Oyèkànmí, àbúrò mi kan ṣoṣo.

Èmi ni mo ṣe é. Oyèkànmí kò tilẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Ìyá wa, amọ̀kòkò, ló kọ́ àwa méjèèjì ní ìwé, igi tín-ín-rín ló ń fi kọ ọ́ sára amọ̀ tútù, a sì ń kọ bó ṣe ń kọ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìrù lẹ́tà tó máa ń ká bí ìgbín. Lẹ́yìn náà Oyèkànmí lọ ilé ìwé ìjọba, èmi dúró ti amọ̀. Ojúlárí mọ ọwọ́ tirẹ̀, kò rí ọwọ́ tèmi rí. Iṣẹ́ àbúrò mi ni kó máa kàwé sétí àwọn arúgbó tí ojú wọn ti lọ. Ìparẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un lọ́jọ́ náà, ẹ̀mí rẹ̀ kò ní lọ sí i. Ọ̀rọ̀ ni yóò lọ. Yóò jókòó sílé, yóò máa wo ẹnu mi bí mo bá ń pe orúkọ rẹ̀, kò sì ní mọ ohun tí mò ń pè.

Ohun kan ṣoṣo ni òfin fi sílẹ̀ fún mọ̀lẹ́bí. Wọ́n ní adájọ́ ò gbọdọ̀ fi ebi dájọ́, ilé ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́ ni yóò sì gbé oúnjẹ wá, nínú àwo ilé náà, kí adájọ́ lè rántí pé ọmọ ènìyàn lòun fẹ́ tẹ̀ka lé lórí. Ibẹ̀ ni mo gbà wọlé. Oṣù méjì ni mo fi po oje tí a fi ń pa àwo, tí yóò funfun bó bá tutù, tí yóò mọ́ gaara bó bá gbóná. Àwo mọ́kànlélógún ló bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú iná. Èyí tó yè, abẹ́ oje yẹn ni mo kọ ọ̀rọ̀ sí: Kì í ṣe òun. Ìyá kan ló kọ́ ọwọ́ méjì. Oúnjẹ gbígbóná yóò jí ọ̀rọ̀ náà, oúnjẹ kan náà yóò sì bò ó mọ́lẹ̀ títí adájọ́ yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ó máa kà á fúnra rẹ̀, òun nìkan.

Mi ò kọ orúkọ mi síbẹ̀ ṣá o. Mo ní àyè ò gbà á.

Ẹ̀yìn dígí kì í jẹ́ kí ohùn wa wọlé, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ tiwọn. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Wọ́n mú Oyèkànmí wọlé, ó ti rù. Wọ́n gbé e jókòó sórí àga tí fìlà irin tí wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ rọ̀ lókè rẹ̀. Ó rí mi, ó fi ojú kí mi, bó ṣe máa ń ṣe bí mo bá wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Adájọ́ Akínwándé jókòó ní òdìkejì tábìlì, bàbá arúgbó tí irun rẹ̀ funfun, ó fọwọ́, ó gbé ṣíbí.

Láyé mi, mi ò tíì wo ènìyàn jẹun báyẹn rí. Ṣíbí kìíní, ó mi orí. Ṣíbí kẹta, ó ní, "Ta ló se eléyìí? Ó mọ iṣu ú sè." Mò ń ka ṣíbí pẹ̀lú rẹ̀. Oúnjẹ lọ sílẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ẹyẹ. Ó dé ìdajì. Ó kọjá ìdajì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbé e mì. Ó ku bíi ṣíbí márùn-ún, ó ku mẹ́rin, èéfín ṣì ń jáde. Mo ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣíbí gbá a wò.

Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó rọra sún àwo kúrò níwájú ara rẹ̀.

"Ó tó," ó ní. "Ẹ gbé ìyókù fún ọmọ yẹn."

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ìyá mi ò jẹun tán lójú wa rí. Èmi tí wọ́n fi àjẹkù ìyá mi tọ́ dàgbà, èmi tí mo ń jókòó ti àwo rẹ̀ lójoojúmọ́, tí mò ń dúró de ẹran tó máa ṣẹ́ kù, èmi ni mo lọ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àwo àgbàlagbà, mo sì gbàdúrà kí wọ́n fún wa ní ọmọlúàbí! Ká ní wọ̀bìà ni wọ́n fi ṣe adájọ́ wa ni, ì bá ti lá ìsàlẹ̀ àwo, ì bá sì ti kàwé. Mo rò nípa iná, mo rò nípa oje, mi ò rò nípa ilé tí wọ́n ti kọ́ bàbá yẹn.

Sẹnábù gbé àwo náà fún Oyèkànmí. Àbúrò mi forí balẹ̀. "Ẹ ṣeun, bàbá."

"Jẹun, ọmọ mi. Ebi ò dáa."

Ó jẹ ṣíbí kan. Ó jẹ ìkejì. Ní ìkẹta ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti jáde. Ó fi ẹ̀yìn ṣíbí gbá àsáró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe máa ń mì bó bá ń kàwé fún àwọn arúgbó rẹ̀. Mo rí i nígbà tí ó dé orí "ìyá". Ó tún un kà. Ó wá gbójú sókè, ó sì wò mí.

Ó ti mọ̀. Ibi tí ó jókòó sí, bó bá kàn yí àwo yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ báyìí, bàbá yóò rí i. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn dígí, èmi ẹ̀gbọ́n, mo ń bẹ àbúrò. Gbé e hàn wọ́n. Yí i. Oyèkànmí, yí i.

Ó mi orí, díẹ̀ báyìí, bí ẹni pé mo fi ẹran kún oúnjẹ rẹ̀ tí ó sì ní ó ti tó. Ó yára jẹ ìyókù. Lẹ́yìn náà ó mú ife omi tútù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó da omi náà sínú àwo, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń ṣe bó bá jẹun tán. Ó fọ̀ ọ́ pẹ́. Mo mọ oje tí mo pò. Bí omi tútù bá ti kàn án, ó di funfun.

"Kí lò ń wò nínú àwo yẹn tó bẹ́ẹ̀?" ni adájọ́ bi í.

"Kò sí nǹkan, bàbá. Oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi ni, ó dùn. Mò ń wò ó bóyá ó ṣì ṣẹ́ kù ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ìbànújẹ́ wà nínú ẹ̀rín náà. Ojúlárí kejì, tó wà lára ògiri tó kọjú sí dígí, tí kò lè rí inú àwo, sọ̀rọ̀: "Adájọ́ ti jẹun. Kí adájọ́ tẹ̀ka." Fìlà irin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò mi di àwo ilé wa mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì pa ojú dé.

Ọ̀nà mìíràn wà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un ni mo ti mọ̀ ọ́n, òun ni irọ́ tí mo pa fún ara mi. Kò gba oṣù méjì, kò gba oje. Ohun tó gbà kò ju pé kí n kọ̀wé lójú Ojúlárí, kí adájọ́ máa wò mí. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo fẹ́ gba àbúrò mi sílẹ̀, mo tún fẹ́ padà sídìí iná mi ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà ni àyè ò ṣe gba orúkọ mi lórí àwo tí ẹyẹ mẹ́rìndínlógún gba àyè.

Mo fa ìkòkò mọ́ra. Epo pupa ṣì wà nídìí rẹ̀. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo sì kọ ọ́ sára dígí, mo kọ ọ́ lódì kí àwọn tó wà nínú lè kà á bó ṣe yẹ. Ìdí iṣẹ́ wa ni mo ti kọ́ ọ. Tí a bá fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ láti ara ewé sára àwo, òdì la ń kọ ọ́. Ta ló ni òjò? Mo fa ìrù lẹ́tà tó kẹ́yìn, mo ká a bí ìgbín.

Ìka bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ojúlárí ló kọ́kọ́ rí i. "Ìwé ọwọ́," ó ní. "Kò ní èdìdì. Ọwọ́ Oyèkànmí."

Adájọ́ gbójú sókè. Ó wo dígí. Ó wo àbúrò mi, ọwọ́ méjèèjì lára àwo. "Ọwọ́ ta lo pè é?"

"Ọwọ́ Oyèkànmí."

"Oyèkànmí rèé níwájú mi."

"Ọwọ́ Oyèkànmí," ni ẹ̀rọ tún wí. Kò mọ nǹkan mìíràn tó lè sọ.

Bàbá fa ìka rẹ̀ sẹ́yìn. Fìlà irin dúró lójú ọ̀nà. Ó dìde, ó ń bọ̀ wá sí ìdí dígí díẹ̀díẹ̀, ó sì ka ohun tí mo kọ, ó fi ìka tẹ̀lé e láti inú. Oyèkànmí la ojú. Òfin ní ẹni tó wà lórí àga yẹn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfi kó dúpẹ́ tàbí kó dá adájọ́ lóhùn. Ó pariwo. "Bàbá, ẹ má wo ibẹ̀! Bàbá, èmi ni! Ẹ padà wá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni!"

Bàbá ò padà. Ó wò mí láti òdìkejì dígí. Mi ò rò pé inú rẹ̀ dùn.

"Ìwọ obìnrin yìí," ó ní, "kí ni orúkọ rẹ?"

Ó mọ̀ pé ohùn mi ò lè wọlé. Ó ń dúró. Mo wo ìka mi, epo ti tán lórí rẹ̀. Àbúrò mi ń sunkún níbi tó wà, ó ń fi àwo náà lu tábìlì kí bàbá lè yíjú padà, títí ó fi fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Orúkọ mi gùn, epo inú ìkòkò sì ti kéré. Mo fi ìka nu ìdí rẹ̀ yípo, mo nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo nu etí rẹ̀. Mọréniké. Ó tó. Mo nu ìkòkò yẹn tán pátápátá, mi ò ṣẹ́ kankan kù fún ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi ni n ó ru igbá mi délé.